Ta Ló Tún Un Ṣe? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ ní Òṣogbo Lórí Yamanaka, Stem Cell àti Kíka Ìtọ́kasí

Bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́sàn-án Sátidé ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú tá a fi dúró nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú máíkì tó ń hó bí omi orí iná yìí. Mo júbà Àtáọ́ja ìlú Òṣogbo, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kí àwọn bàbá wa, mo kí àwọn ìyá wa tó ti Ọjà Ọba wá síbí tí wọn ò tíì fìdí balẹ̀ látàárọ̀, mo kí ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì láti Òkè Bàálẹ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ pé ìrẹsì máa wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, mo rí yín, ẹ̀yin náà ẹ káàbọ̀.

Ẹni tó pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí onísáyẹ́ǹsì kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí stem cell, iṣẹ́ tó ti gbé jáde, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti tọ́ka sí i, ìyẹn tí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ ẹ̀ nínú ìwé tiwọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ará Òṣogbo nínú èyí? Wọ́n ní ìwọ ni tíṣà bàọ́lọ́jì, ìwọ ni kó o lọ wá ibi tó ti kàn wọ́n. Mo wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí mo máa rí i, inú orúkọ ọba wa ló wà.

Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn. Wọ́n ní nígbà tí Láróòyè dé etí odò Ọ̀ṣun, ẹja jáde sí i, ó tẹ́wọ́, ó gba ẹja. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Àtáọ́ja. Sẹ́ ẹ rí i, orí àtẹ́wọ́ ni ìlú yìí dúró lé. Àmọ́ kí ni èèyàn ń fi àtẹ́wọ́ ṣe? A lè pa á kó máa dún, pà pà pà, bẹ́ ẹ ṣe pa á fún mi nígbà tí mo wọlé, tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. A sì lè tẹ́ ẹ kí nǹkan bọ́ sínú ẹ̀. Tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ayé ti tọ́ka sí iṣẹ́ ẹnì kan ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú ẹ̀ ló kàn dún, mélòó ló gbẹja? Gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ sílé lè máa lọ, àmọ́ ìrẹsì ò tíì jinná o.

Dókítà tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkùnrin ọ̀hún. Shinya Yamanaka lorúkọ ẹ̀, ọdún 1962 ni wọ́n bí i sí Osaka ní Jàpáànù. Bàbá ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara maṣíìnì ìránṣọ. Ẹ̀yin télọ̀ inú ilé, ẹ gbọ́ àbí? Ọmọ yín ni. Bàbá ò fẹ́ kó jogún ilé iṣẹ́ yẹn, ó ní kó lọ ṣe dókítà. Ó lọ sí Kobe, ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1987, ó ní dókítà eegun lòun fẹ́ dà, torí eré ìdárayá tó ń ṣe ti ṣẹ́ ẹ léegun lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọyì àwọn tó ń tò ó.

Ó bọ́ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ ẹ̀ ò yá. Iṣẹ́ abẹ tí ẹlòmíì máa tètè ṣe tán, á pẹ́ gan-an lórí ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún á máa wo àjà. Ni àwọn ọ̀gá ẹ̀ bá yí orúkọ ẹ̀ po, wọn ò pè é ní Yamanaka mọ́, Jamanaka ni wọ́n ń pè é. Jama, lédè wọn, ohun tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni. Ká ní ibí ni, Dókítà Ìdíwọ́ ni gbogbo wọ́ọ̀dù máa máa pè é, orúkọ yẹn ò sì ní í kúrò lára ẹ̀ títí tó máa fi kú.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni bàbá ẹ̀ ṣàìsàn ẹ̀dọ̀, ó sì kú. Ọmọ ti di dókítà, bàbá kú lójú ọmọ. Ó wá rò ó pé àwọn àìsàn kan wà tí ọ̀bẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí, pé àfi kéèyàn lọ wádìí wọn láti ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó lọ kàwé sí i, ó gba PhD ní 1993, ó kọjá sí San Francisco ní Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ jíìnì. Nígbà tó padà sílé, ilé ò rí bí ìta. Owó ò tó, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń pààrọ̀ ibùsùn eku. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó fẹ́ padà sídìí eegun. Ọlọ́run wá ṣe é, yunifásítì kan ní Nara gbà á ní 1999, wọ́n fún un ní láàbù tiẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé lókè òkun padà wálé tẹ́ ẹ bá láàbù tí táàpù ò ní omi, mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń mi orí.)

Ọmọ tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù

Ó yá, kí ni stem cell yìí gan-an? Mo máa sọ ọ́ bí télọ̀ ṣe máa gbọ́ ọ.

Ara wa, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara wà, ti ọkàn wà, ti ọpọlọ wà, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀ tín-ín-tín, àwọn sẹ́ẹ̀lì ò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n dà bí ọmọ tí wọn ò tíì mú lọ síbi iṣẹ́, ó lè di télọ̀, ó lè di kápíńtà, ó lè di mẹkáníìkì. Ìyẹn ni stem cell. Nígbà tó bá wá yan iṣẹ́ tó kọ́ ọ tán, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, ó di sẹ́ẹ̀lì awọ, awọ ló sì máa jẹ́ títí láé. Ẹni tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù kì í padà di ọmọ ìkókó, àbí ó ń padà?

Ohun tí gbogbo ayé rò nìyẹn, àfi ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Gurdon. Ní 1962 kan náà tí wọ́n bí Yamanaka, Gurdon gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀pọ̀lọ́. Ó mú àárín sẹ́ẹ̀lì láti inú ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ìfun o, tó ti yan iṣẹ́ ẹ̀ tipẹ́, ó gbé e sínú ẹyin tí wọ́n ti pa àárín tiẹ̀ run, ẹyin yẹn sì di odindi ọ̀pọ̀lọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ìfun ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe orí, ṣe ẹsẹ̀, ṣe ojú. Ìwé ìlànà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn pa á dé ni.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Gurdon yìí, nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ipò tó kẹ́yìn nínú ọmọkùnrin 250 ló gbà nínú bàọ́lọ́jì. Tíṣà ẹ̀ kọ ọ́ sí ripọ́ọ̀tù ní 1949 pé àlá tí ọmọ yìí ń lá pé òun máa di onísáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Gurdon fi férémù sí ripọ́ọ̀tù yẹn, ó gbé e sí ọ́fíìsì ẹ̀. Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí sí ripọ́ọ̀tù ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní purọ́ fún yín, láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yìí ni mo ti ń ṣọ́ bírò mi.

Ọbẹ̀ tó ní èròjà mẹ́rìnlélógún

Kó tó kan Yamanaka, àwọn èèyàn ti mú stem cell jáde láti inú ọlẹ̀ eku ní 1981, James Thomson sì mú ti èèyàn jáde ní 1998. Àmọ́ inú ọlẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un, ìjọ ń pariwo, ìjọba ń pariwo, ọ̀rọ̀ náà le. Yamanaka wá béèrè ìbéèrè ọmọ télọ̀: sẹ́ a ò lè mú ẹni tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ká dá a padà sí ọmọ tí ò tíì yan iṣẹ́, láì fọwọ́ kan ọlẹ̀ rárá?

Òun àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, Kazutoshi Takahashi, ṣa jíìnì 24 jọ, bí ojú ewé 24 nínú ìwé ìlànà yẹn, àwọn tí wọ́n fura sí pé àwọn ló ń jẹ́ kí stem cell jẹ́ stem cell. Wọ́n fi ìkọ̀ọ̀kan sínú sẹ́ẹ̀lì awọ eku. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá da gbogbo mẹ́rìnlélógún pọ̀, wọ́n rọ́ ọ sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà di ọmọ!

Inú wọn dùn, àmọ́ èwo ló ṣe é nínú mẹ́rìnlélógún? Tó bá jẹ́ ìwọ ni, báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ti kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí ní kíṣìnnì kí n tó mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni. Wọ́n ní tó o bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn, má fi nǹkan kún un, yọ nǹkan kúrò. Se é lónìí láìsí irú, se é lọ́la láìsí edé, ọjọ́ tí gbogbo ilé bá yọwọ́ nínú oúnjẹ, ohun tó o yọ lọ́jọ́ yẹn ni. Ohun tí Takahashi ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń da mẹ́tàlélógún tó kù pọ̀. Ó kọ́kọ́ ku mẹ́wàá tó dà bíi pé wọ́n ṣe pàtàkì, ó tún yọ nínú mẹ́wàá, ó ku mẹ́rin: Oct3/4, Sox2, Klf4 àti c-Myc. Mẹ́rin péré. Wọ́n tẹ pépà náà jáde nínú jọ́nà Cell ní oṣù kẹjọ 2006, wọ́n pe sẹ́ẹ̀lì náà ní iPS.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ lẹja wà. Ní oṣù kọkànlá 2007, Yamanaka ṣe é pẹ̀lú awọ èèyàn. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa, lọ́jọ́ kan náà gan-an, Thomson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọn ò jọ gbé ilé kan, gbé tiẹ̀ jáde, èròjà mẹ́rin lòun náà lò, méjì jọ ti Yamanaka, méjì yàtọ̀. Ilé ìdáná méjì, òkun ló pín wọn níyà, ọbẹ̀ jinná níbí, ọbẹ̀ jinná lọ́hùn-ún. Ta ló tún un ṣe? Ẹlòmíì tún un ṣe, ó sì ṣeé ṣe.

Ní 2012 wọ́n fún Yamanaka àti Gurdon ní ẹ̀bùn Nobel. Yamanaka ń gbìyànjú láti tún maṣíìnì ìfọṣọ ilé ẹ̀ ṣe nígbà tí fóònù dún. Ọdún mẹ́fà ló dúró. Gurdon ti dúró fún àádọ́ta ọdún.

Kí ni wọ́n ń kà?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ìyá wa sọ ọ́.

Tí babaláwo bá fẹ́ ki ẹsẹ Ifá, kì í kàn bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Á kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá a, lẹ́yìn náà ló máa ní wọ́n dífá fún lágbájá lọ́jọ́ tó ń ṣe báyìí báyìí. Kí nìdí? Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé òun ò hú u sọ, pé ẹnì kan ti dá a rí kí òun tó dé, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni náà. Ìtọ́kasí ni. Àwọn baba wa ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé jọ́nà dé. Onísáyẹ́ǹsì náà, tó bá kọ pépà, á dárúkọ àwọn tó ti dá a ṣáájú ẹ̀.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eugene Garfield, ló ní ó yẹ ká máa ka orúkọ wọ̀nyí jọ. Ó sọ ọ́ ní 1955, ìgbà tó fi máa di 1964, ó ti ń tẹ ìwé ńlá ńlá jáde tó ń fi ẹni tó tọ́ka sí ta ni hàn. Ó ṣe é kéèyàn lè fi wá ìmọ̀ rí ni, bí ẹni ń tọ ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó. Àwọn ọ̀gá yunifásítì rí i, wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, nọ́ńbà lèyí, a lè fi wọn èèyàn! Látìgbà yẹn ni ìyà ti ń jẹ wá.

Ní 2005, onífísíìsì kan tó ń jẹ́ Jorge Hirsch mú h-index dé, nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn onísáyẹ́ǹsì. Ẹ má bẹ̀rù, àdìrẹ la máa fi ṣe é: oríṣi àdìrẹ kọ̀ọ̀kan ni pépà, ẹni tó rà á ni ìtọ́kasí. Ìlú aró nibí, ẹ jẹ́ ká sọ pé màmá kan ní oríṣi àdìrẹ márùn-ún lórí àtẹ. Èèyàn 30 ti ra àkọ́kọ́, 12 ti ra ìkejì, 4 ra ìkẹta, 3 ra ìkẹrin, ẹnì kan ṣoṣo ló ra ìkarùn-ún. Kí ni h-index màmá? Mẹ́ta ni. Torí pé ó ní oríṣi mẹ́ta tí èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, ti ra ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kó tó di mẹ́rin, oríṣi mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní oníbàárà mẹ́rin-mẹ́rin, ìkẹrin ò sì pé. Ó yé yín? Ó dáa, ó kù síbì kan. Ká ní àkọ́kọ́ yẹn ò tà 30, ká ní 30,000 ló tà, ká ní gbogbo Nàìjíríà ló wọ̀ ọ́ ṣe ìgbéyàwó, h-index màmá ò ní kúrò ní mẹ́ta.

Ẹ ò rí i pé wàhálà wà níbẹ̀? Pépà 2006 yẹn, àwọn èèyàn ti tọ́ka sí i ju ìgbà 20,000 lọ. Fún h-index ọ̀gbẹ́ni, ẹyọ kan ni, kò ju pépà mìíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Òṣùwọ̀n tí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àdìrẹ tó gba ìlú àti èyí tó kàn tà díẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

Wọ́n á ní ká ka iye ìtọ́kasí lásán nígbà náà. Ó dáa. Ẹ mọ pépà tí wọ́n tíì tọ́ka sí jù láyé? Ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oliver Lowry ni, ọdún 1951, ó ju ìgbà 300,000 lọ. Kí ló ṣàwárí? Ọ̀nà láti wọn iye púrótéènì tó wà nínú omi. Ó tán. Lowry fúnra ẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé kì í ṣe pépà ńlá. Bíi ata gígún ni, inú gbogbo ọbẹ̀ ló wà, kò sì sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ fi yín joyè. Àmọ́ èmi ò ní fi Lowry ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọwọ́ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ ló tẹ́ tí ẹja bọ́ sí i. Wọ́n lò ó. Ìdí kan náà ló mú ti Yamanaka pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ka pépà ẹ̀ lè dìde lọ sí láàbù tiẹ̀, kó da mẹ́rin ọ̀hún pọ̀, kó rí i fúnra ẹ̀.

Àwọn tó dà á pọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì rí àléébù ẹ̀. c-Myc, ọ̀kan nínú mẹ́rin, jíìnì tó ń bá jẹjẹrẹ rìn ni, àwọn eku kan tí wọ́n fi ṣe é yọ kókó, làwọn èèyàn bá ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi yọ ọ́ nínú ọbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, ní Kobe, Masayo Takahashi (òun àti ọmọ iṣẹ́ Yamanaka yàtọ̀ o, orúkọ ló jọra) àti ẹgbẹ́ ẹ̀ mú awọ ara màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ojú, wọ́n dá a padà sí ojú màmá náà. Nígbà tó kan ẹnì kejì, wọ́n rí i pé jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti yí padà níbì kan, wọ́n dúró. Mo fẹ́ràn dídúró yẹn ju Nobel lọ.

Àtẹ́wọ́ tó kàn ń dún

Ẹ jẹ́ ká wá wo apá kejì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní South Korea, Hwang Woo-suk, kéde ní 2004 àti 2005 pé òun ti mú stem cell èèyàn jáde nípa ọgbọ́n bíi ti Gurdon. Orílẹ̀-èdè ẹ̀ pàtẹ́wọ́ débi pé wọ́n tẹ sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ jáde, àwòrán ẹni tó dìde lórí kẹ̀kẹ́ arọ wà lára ẹ̀. Irọ́ ni. Jọ́nà Science fa pépà méjèèjì padà ní oṣù kìíní 2006.

Ní oṣù kìíní 2014, ní Jàpáànù, àwọn kan tún gbé pépà méjì jáde nínú jọ́nà Nature pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá da èròjà mẹ́rin pọ̀, ẹ ṣáà ri sẹ́ẹ̀lì sínú omi kíkan fún bí ìdajì wákàtí, á padà di ọmọ. Ẹ gbọ́ mi? Omi kíkan! Ariwo ta. Àwọn láàbù káàkiri ayé sáré lọ rì í. Wọ́n rì í títí, sẹ́ẹ̀lì kàn ń kú ni. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ti fa pépà méjèèjì padà.

Àwọn méjì yẹn, kíá ló tú. Èyí tó ń dùn mí ni ẹ̀kẹta. Ní 2002, àwọn onísáyẹ́ǹsì ní Minnesota tẹ pépà kan jáde nínú Nature pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn egungun àgbàlagbà tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara. Kò pẹ́ tí àwọn láàbù mìíì fi ń ráhùn pé àwọn ń se é, kò jinná. Síbẹ̀ wọ́n ń tọ́ka sí i. Ọdún ń yí lu ọdún, wọ́n ń tọ́ka sí i. Oṣù kẹfà 2024 ni jọ́nà tó fà á padà, torí àwọn àwòrán inú ẹ̀ tí wọn ò lè fi ẹ̀rí gbè mọ́. Ọdún 22! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 4,500 tí wọ́n tọ́ka sí i. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́ o, ẹ má gbé mi lọ sí kóòtù. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà yẹn ò gbin. Ẹni tó tọ́ka sí i nítorí ó gbà á gbọ́, ẹni tó tọ́ka sí i nítorí ẹlòmíì tọ́ka sí i, ẹni tó tọ́ka sí i láti sọ pé òun ṣe é kò ṣeé ṣe, ọ̀kan náà ni kọ̀ǹpútà ń ka gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà ò mọ àtẹ́wọ́ yàtọ̀ sí ìgbájú, ó ṣáà gbọ́ pé nǹkan dún.

Ibi tó ti kàn wá

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Bí mẹ́rin nínú wa bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé jíìnì àìsàn SS kan ṣoṣo dání. SS yẹn ni fọ̀níkú-fọ̀ladìde, gbogbo agbolé ló mọ̀ ọ́n. Àìsàn yìí, stem cell inú mùdùnmúdùn egungun ni orísun ẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Wọ́n ti ṣe ìpààrọ̀ rẹ̀ fún ọmọ kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Benin ní 2011. Ní ìparí 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan, Casgevy, wọ́n á mú stem cell ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra ẹ̀ jáde, wọ́n á fi CRISPR, ohun èlò tí wọ́n fi ń gé jíìnì, gé ibì kan nínú jíìnì ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe nígbà tó wà nínú oyún lè padà, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Ó ń ṣiṣẹ́. Iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má ṣe é níbí, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dákú.

Àìsàn tiwa, ìwòsàn wọn. Ta ló máa ṣe èyí tí ò ní wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ tó jókòó síbí ni. Kí la sì ń bi wọ́n tí wọ́n bá fẹ́ gba ìgbéga ní yunifásítì? Pépà mélòó lo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ìgbéga, mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ka pépà ẹ̀ bí ẹni ka iṣu, wọ́n bi í ní h-index, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ SS. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ ti sanwó fún jọ́nà kan tó ń tẹ ohunkóhun jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun ló gba ipò. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, tọ́ka sí mi kí n tọ́ka sí ẹ, wọ́n ń gbà á ní oṣooṣù. Àjọ! Wọ́n ti sọ ìtọ́kasí di àjọ, ó ku alájọ tó máa sá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, torí mo gbóòórùn ìrẹsì. Àbúrò ìyá mi, màmá tó tọ́ mi, eékún ń dùn wọ́n. Obìnrin kan wá bá wọn nílé ní Òkè-Fìà pẹ̀lú páálí kan, sáṣẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, ó ní stem cell ni, kí wọ́n máa dà á sábẹ́ ahọ́n, pé eékún máa di tuntun, pé tí wọ́n bá mú èèyàn mẹ́ta wọlé wọ́n á máa gba owó lóṣooṣù. Màmá ní kí n wá wò ó. Ó gbé ìwé jáde, ẹ ò ní gbàgbọ́, fọ́tò Yamanaka ló wà níwájú ẹ̀! Ó ní ẹ wò ó, ọkùnrin yìí gba Nobel, wọ́n ti tọ́ka sí i ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ.

Mo ní, àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n tọ́ka sí i. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, inú nitrogen olómi ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, òtútù tó tó ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, ẹ̀yin sì kó tiyín sínú báàgì, ẹ wọ kòrópe láti Ọlá-Ìyá nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tó sọ pé lúbúlúbú inú sáṣẹ́ẹ̀tì yìí ń tún eékún ṣe, ta ló ṣe é? Ó dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tà á. Mo ní ẹ ṣeun, lẹ́yìn tiwọn, ta ló tún un ṣe?

Ó wo páálí, ó wo mi, ó ní òun máa bi ọ̀gá òun, òun á pè mí padà. Ó ti pé oṣù méje báyìí. Màmá ti sanwó kí n tó dé, páálí náà ṣì wà lórí fíríìjì wọn, wọn ò jẹ́ kí n gbé e dànù, wọ́n ní owó ni.

Ó yá, ìbéèrè. Màmá tó wọ àdìrẹ lẹ́yìn ọ̀hún, ẹ ti nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ eékún. Ẹ bá mi gbé máíkì fún wọn.